Wáyà Kì Í Parọ́

Àbúrò ìyá mi, tó ń ṣe riwáyà, ìyẹn títún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, ní àdúgbò Nasarawa Gwong, kì í tú wáyà kankan láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Á gbé e símú, á dijú, á ní, "Wáyà kì í parọ́. Èèyàn ló ń parọ́."

Òun ló bá mi wá iṣẹ́ dírẹ́bà. Òun náà ló so bátìrì tó ń gbé ẹ̀yìn tírélà ọ̀gá mi sókè tí a bá fẹ́ da yẹ̀pẹ̀. Ó fi fíùsì sí i, ó ní, "Tó bá jó, wá pè mí. Má fi nǹkan kan dípò rẹ̀."

Fíùsì jó lọ́nà Vom. Mi ò lè dúró nínú oòrùn, ni mo bá fi ìṣó dípò rẹ̀. Ẹ̀yìn tírélà gbéra lóòótọ́, àmọ́ kí yẹ̀pẹ̀ tó dà tán, wáyà ti gbiná, bátìrì sì jóná pẹ̀lú.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní bọ̀dá. "Haba, ṣé bí o ṣe mọṣẹ́ tó nìyí?" Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn wáyà, ó sì rí ìṣó náà. Ó wò mí. Ó ti ìṣó náà bọ àpò.

Ó ní fún ọ̀gá pé, "Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe mi ni."

Èmi gbé ṣọ́bìrì, mo ń kó yẹ̀pẹ̀ tó kù sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí onítírélà tó ń gbé iṣẹ́ fún bọ̀dá mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi bi mí ohun tó ba iṣẹ́ àbúrò òun jẹ́.

Mo ní wáyà tó lò ni kò dáa.