Kòkó Mamu àti Ẹgbẹ̀rún Mẹ́sàn-án Dọ́là

Lọ́dún 1983 tí Ẹnìtàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó fojú ara rẹ̀ rí ọdún 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́rọ́, ó rí i títí tí ọgọ́rùn-ún náírà kò fi tó ra dọ́là kan mọ́, síbẹ̀ ohun tó ń sọ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan kò yí padà: owó tó bá ṣubú á tún dìde. Ìgbàgbọ́ yìí ló gbé lọ sílé nígbà tó fẹ̀yìn tì.

Olúbùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn lórí rẹ̀. Òun ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ojú títì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í já láàárín orin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Tó bá ti dùbúlẹ̀, èémí á há a, ló bá di ẹni tó ń sùn ní ìjókòó, tó ń gbé orí lé ìrọ̀rí lórí tábìlì. Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ló ti bàjẹ́, pé iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, àti pé ilé ìwòsàn kan wà ní Íńdíà tí yóò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là.

Níbo ni tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yóò ti rí i? Oko kòkó tí bàbá Olúbùsọ́lá fi sílẹ̀ fún un ní Mamu nìkan ni wọ́n ní. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tà á. Ajíbádé, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, gbà láti san mílíọ̀nù méje náírà, ìdajì lóṣù Karùn-ún, ìyókù lóṣù Kẹjọ. Dọ́là kò tíì tó ẹgbẹ̀rin náírà nígbà yẹn. Mílíọ̀nù méje ká a.

Lọ́jọ́ tí ìdajì àkọ́kọ́ wọlé, Olúbùsọ́lá ní, "Bàbá Gbémi, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó wà nílẹ̀ ra dọ́là."

Àlàájà Aqeelah tó ń ṣẹ́ owó ní Ìjẹ̀bú-Òde gba Ẹnìtàn nímọ̀ràn kan náà. Ṣùgbọ́n ìjọba tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, àwọn kan sì ń sọ lórí rédíò pé náírà yóò lágbára. Ẹnìtàn ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ó ní tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, dọ́là á ti wálẹ̀, àwọn á sì rí owó ọkọ̀ òfuurufú yọ níbẹ̀.

Oṣù Kẹfà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa pé, dọ́là ti kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà. Owó Ajíbádé kò pé, kòkó kò tíì jáde; ó bẹ̀ wọ́n títí di oṣù Kọkànlá. Nígbà tí Ẹnìtàn gbé mílíọ̀nù méje dé ọ̀dọ̀ Àlàájà, kò mú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là kúrò níbẹ̀. Àlàájà kò rán an létí ohun tó ti sọ. Ó yọ èrè ara rẹ̀ kúrò, ó sì ṣàdúrà sí i.

Ilé ìwòsàn kò ní í fún wọn lọ́jọ́ àfi tí owó bá pé. Ṣọ́ọ̀ṣì dáwó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wọn. Gbémi, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ń mú owó oṣù rẹ̀ wá. Agbọ̀n ni wọ́n fi ń pọn omi: kí wọ́n tó kó náírà jọ, dọ́là á tún ti lọ síwájú. Lóṣù Kejì ọdún 2024, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀sán náírà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹnìtàn jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìyá Gbémi, èmi ni mo fà á."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tẹ owó," ni Olúbùsọ́lá dá a lóhùn. Ó ní kó bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀.

Gbémi ń di irun fún ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní ìparí oṣù náà, nígbà tí orí rẹ̀ tẹ̀ sórí tábìlì tí kò sì gbé e mọ́. Owó tó kù kí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fi pé kò tó ẹgbẹ̀rún kan dọ́là.

Oṣù Kẹrin ni dọ́là já wálẹ̀, ó sún mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà. Bí wọ́n ṣe jáde nínú ìsìn, ẹnì kan bọ Ẹnìtàn lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní tíṣà kúkú ti ń wí i pé náírà á dìde. Ẹni náà kò rántí pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lòun ń bá sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnìtàn ṣẹ́ dọ́là náà padà sí náírà, ó san gbèsè alájẹṣẹ́kù àti ti ìsìnkú, ó sì kó ìyókù lọ sí Mamu láti tún oko ìyàwó rẹ̀ rà. Ó bá Ajíbádé níbi tó ti ń sá kòkó. Ajíbádé gbé àga fún un, ó fún un lómi, ó sì gbọ́ ohun tó bá wá.

"Tíṣà, n kò lè purọ́ fún yín. Dọ́là tó wọ́n yẹn wà lára ohun tó gbé kòkó sókè. Ohun tí mo tà nínú oko yìí láti oṣù Kẹwàá ti ju owó tí mo fi rà á lọ; owó ọwọ́ yín kò lè rà á padà mọ́."

Ẹnìtàn mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àìmọye ọmọ, pé bí owó ìlú bá já, ẹni tó ń ta ọjà sí òkè òkun ló ń jèrè. Ó dìde, ó ní kí Ajíbádé jẹ́ kóun wo inú oko. Ó dé ìdí igi àkọ́kọ́, ó rí kòkó tó pọ́n sára rẹ̀, ó sì yí padà níbẹ̀.

Ó padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kó owó náà fún Gbémi, ó ní kó fi ṣe ohun tó bá wù ú, kó má sì sọ fún òun. Títí dòní, kò tíì bi í léèrè.