Bẹ́ǹṣì Ilé Ọlọ́run Níbi Àdúrà Depité

Títí dòní, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó ni bẹ́ǹṣì nínú ilé ìsìn wa ní Albarika, àdúgbò kan ní Parakou, láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń kan tirẹ̀ wá nígbà náà, káfíńtà a sì fi irin gbígbóná kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ lábẹ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní iléèwé àwọn Sísítà. Orúkọ ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn ni mo fi kọ́ ìwé kíkà tán. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ kankan síbí. Ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà ní Parakou, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì kan wọn. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ọkọ mi ni kátíkíìsì wa. Fádà kan ṣoṣo ló ń káàkiri ọ̀pọ̀ abúlé. Bí kò bá sí nílé, ọkọ mi ni í darí àdúrà, òun ni í kọ́ àwọn ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, a máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni álífáà kan láti Ladjifarani. Kẹ̀kẹ́ álífáà yìí kì í yé bàjẹ́. A máa ń sọ pé ó ń dìídì bà á jẹ́ ni, kó lè rí ibi jókòó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, kò pẹ́ tí ìbò kan fi ń lé ìbò mìíràn. Depité kan, aṣòfin tó fẹ́ padà sípò, ránṣẹ́ sí àwọn álífáà àti àwa Kristẹni pé kí gbogbo wa wá bá òun gbàdúrà fún ìlú, ní pápá tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin.

Álífáà wo ọkọ mi, ó ní: "Ó fẹ́ kí èmi ké sí Ọlọ́run ní Lárúbáwá, kí ìwọ ké sí i ní Látìnì, kí òun alára sọ tirẹ̀ ní Faransé. Ṣé kí Ọlọ́run lọ háyà ògbufọ̀ ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ṣéènì kẹ̀kẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó ní: "Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí sọ pé láyíìkì ni ìjọba wa. Kò gbé ẹ̀sìn kan lárugẹ, kò sì lé ẹ̀sìn kan. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ẹni tó ń wá ìbò, kó wá a lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Nínú ìjọ mi, àwọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan kò sí. Bí mo bá gbàdúrà fún un ní pápá, níbo ni àwọn tó kù yóò jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Àwọn méjèèjì pinnu pé àwọn kò ní lọ. Álífáà ní inú yóò máa run òun lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ kọ́ àwọn ará oko, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn sílẹ̀ fún mi.

Kò tíì dé oko tí olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Depité fi wọlé tọ̀ mí wá. Èmi àti ẹ̀ jọ wá láti Ṣábẹ̀ nígbà ọmọge ni, kò sí ìtìjú láàárín wa.

"Ìyàwó Kátíkíìsì, bẹ́ǹṣì ni mo wá yá."

"Bàbá wọn ò sí nílé."

"Mo mọ̀. Bó bá wà nílé, ṣé mo máa wá?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kí àwọn àgbà obìnrin jókòó sí ṣe Àmín ni? Àdúrà mà ni, kì í ṣe ijó."

"Ó ní òun ò fẹ́."

"Òun ni kò fẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ààyè rẹ wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya Depité gan-an. Wọn yóò pè ọ́ nínú gbohùngbohùn. Àbí ìdí ìgbálẹ̀ nìkan ni o fẹ́ kí wọ́n ti máa mọ̀ ọ́?"

Ó tún sọ ti kànga tí Depité yóò gbẹ́ fún Albarika. Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé kànga ló mú mi. Kì í ṣe kànga. Ọ̀rọ̀ ìdí ìgbálẹ̀ yẹn ni. Mo tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí ìró mi, mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì kó bẹ́ǹṣì méjìlá sínú kámíọ̀ akẹ́rù.

Ní pápá, wọ́n pè mí lóòótọ́: aya kátíkíìsì, kó máa bọ̀ níwájú. Orí mi wú. Mo mọ ẹni tó ni bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi mí sí kí n tó fìdí lé e. Ti awakọ̀ kan ni, ọmọ ìjọ wa, tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì tí kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ń ta òrí.

Depité gba gbohùngbohùn. Ó sọ tirẹ̀ ní Faransé, wọ́n tú u sí Bàrìbá, wọ́n tú u sí Dẹ́ńdì, kó tó kan àwa Yorùbá. Ó gbàdúrà fún òjò, a ní Àmín. Ó gbàdúrà fún àwọn aboyún, a ní Àmín. Ó wá ní: "Àwọn tó bá ta kò wá nínú ìbò yìí, kí ọ̀nà dí mọ́ wọn. Bí wọ́n bá jáde nílé, kí wọ́n má dé ibi tí wọ́n ń lọ."

N kò lè sọ pé n kò gbọ́. Mo gbọ́, ó yé mi, mo sì ní Àmín. Ohùn mi ló tilẹ̀ ròkè jù. Orí bẹ́ǹṣì awakọ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi ṣe Àmín sí i pé kí ọ̀nà dí mọ́ awakọ̀. Bí mo ti gbójú sókè, mo rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, igbá òrí lórí rẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó wo kọ́kọ́rọ́ tó rọ̀ ní ìdí mi. Ó wo bẹ́ǹṣì. Ó kọjá lọ.

Nígbà tí ọkọ mi dé, wọ́n ti dá àwọn bẹ́ǹṣì padà, eruku pupa bò wọ́n, ẹnì kan sì ti fi ẹfun ya àmì ẹgbẹ́ Depité sára mélòó kan.

"Ta ló gbé wọn jáde?"

"Wọ́n wá gbé wọn ni."

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

Mo mú ìgbálẹ̀. Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí a tó kọ orin àkọ́kọ́, ìyàwó awakọ̀ dìde. "Kátíkíìsì, ẹ dákun, ta ló gbé bẹ́ǹṣì ọkọ mi lọ fi ṣépè fún ọkọ mi?"

Mo wà ní ìdí ilẹ̀kùn. Ọkọ mi kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó ní, "Èmi ni mo fún wọn."

Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ́ mi nìyẹn, níwájú pẹpẹ ló sì ti pa á. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ gbé e níwájú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá síta. Ẹlòmíràn dìde. Ẹlòmíràn tún dìde. Bẹ́ǹṣì márùn-ún ló jáde lọ́jọ́ yẹn, àmì ẹsẹ̀ wọn sì wà lórí ilẹ̀ tí èmi fúnra mi ń gbá.

Fádà wá sílé wa. Ó ní kátíkíìsì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó yíjú sí mi: "Ṣé bó ti rí nìyẹn, Màmá?"

Mo ní, "Omi rèé, Fádà."

Ó mu omi náà. Ó gba ìwé iṣẹ́ kátíkíìsì lọ́wọ́ ọkọ mi, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, álífáà wá. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn jókòó ti ọkọ mi lábẹ́ igi máńgòrò títí ọjọ́ fi rọ̀.

Kànga? Òjò kejì kò tíì rọ̀ tí àwọn ṣójà fi lé Depité lọ. Ọkọ mi kò sì darí àdúrà mọ́ láyé. Bí wọ́n bá pè é níbi ìkómọ, a ní kí ẹlòmíràn ṣe é. Kò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Àìmọye ìgbà ni mo ti pè é, "Bàbá wọn," tí ó dáhùn, tí mo sì ní kó má jẹ́ kí oúnjẹ tutù.

Ó kú lóṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyàwó awakọ̀, tó ti di opó láti ọjọ́ pípẹ́, ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì òun wá síwájú ilé wa. Orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe òun."

"Ṣé èmi ni o ń sọ ọ́ fún? Mo mà rí kọ́kọ́rọ́ ní ìdí rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí?"

"Ó ní òun ni. Ta ni yóò dìde nílé Ọlọ́run pe kátíkíìsì ní elékèé?" Ó fi etí ìborùn nujú. "Mo rí ọ ní ìdí ilẹ̀kùn. Mo ní bóyá o máa sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbé bẹ́ǹṣì mi lọ́jọ́ yẹn o, kí o lè ráyè."

Ènìyàn mẹ́rin ni bẹ́ǹṣì náà ń gbà. Òun nìkan ló jókòó sí i, ní àárín gbùngbùn. Mo dìde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi gbé òkú jáde. Kò sún fún mi, èmi náà kò sì ní kó sún.