Òjò Tí A Kó Sínú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé-ìwé girama kan ní Yábàá, kọ̀ǹpútà mẹ́rin la ní, ṣùgbọ́n ojú lásán la fi ń rí wọn. Àwọn òbí ló dáwó rà wọ́n. Inú yàrá kan tó ní kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, aṣọ funfun bò wọ́n bí òkú, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà á ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, àwa náà á dà á kọ sínú ìwé. Mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nínú ìdánwò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bó ṣe rí nìyẹn.

Obìnrin ló ń kọ́ wa ní Jọ́gíráfì. Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Wọn kì í pariwo. Wọ́n gbé agolo mílíìkì kan sẹ́yìn kíláàsì wa láti máa gba omi òjò, láràárọ̀ ni ọ̀kan nínú wa sì ń fi rúlà wọn ohun tó bá wà níbẹ̀, tí á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún kan gbáko la fi ṣe é. Àwa tí à ń gbé Múṣin, tí àgbàrá máa ń bá nínú yàrá, a mọ òjò dáadáa, àmọ́ a ò mọ̀ pé èèyàn lè wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pé àwọn fẹ́ kí a kó òjò yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo gbé ìwé tí a kọ òjò náà sí tẹ̀lé wọn.

"Madáàmù," ni ọ̀gá wí, "kí ló da òjò pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà? Iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣiṣẹ́, sà," ni Àǹtí fèsì. "Bí wọn ò bá fi ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Àǹtí bẹ̀bẹ̀ títí táàmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀gá wá yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ ní Sátidé kan, ó ní bí nǹkan kan bá bàjẹ́, ọrùn Àǹtí ló wà.

Àwa mẹ́jọ tí Àǹtí yàn la bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo tẹ òjò oṣù kìíní. Nígbà tí a tẹ gbogbo rẹ̀ tán, Àǹtí tẹ bọ́tìnnì kan, ni òjò ọdún kan bá dìde dúró bí òpó méjìlá lójú gíláàsì, oṣù kan ga, oṣù kan kúrú. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sí èyí tó ga jù, ó ní, "Oṣù kẹfà! Ìgbà yẹn ni omi gbé ìkòkò ìyá mi lọ!"

"Ẹ sọ fún wọn nílé," ni Àǹtí wí, "kí wọ́n ti máa gbẹ́ gọ́tà láti oṣù kẹrin."

Ni iná bá lọ. Àǹtí ní ká yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri, kí iná má bàa fi agbára dé ba nǹkan jẹ́. Àwọn yòókù yọ tiwọn. Èmi ò yọ tèmi. Mo fẹ́ kí àwòrán yẹn tètè padà wá ni. Iná dé lójijì, ó mọ́lẹ̀ yòò, nǹkan dún gbàù, èéfín sì yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà iwájú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá bèèrè níwájú gbogbo ilé-ìwé pé ta ló fi wáyà sílẹ̀. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹni tó dúró níwájú mi. Àǹtí wo àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ, wọ́n wò wá bọ̀, wọ́n ní, "Èmi ni, sà."

Kí táàmù tuntun tó wọlé, a gbọ́ pé wọ́n ti gbé Àǹtí lọ sí ilé-ìwé kan tó jìnnà. Yàrá náà padà di títì. Àwọn tó tẹ̀lé wa, àwòrán ni wọ́n tún ń yà.

Èmi náà padà di olùkọ́. Ó lé ní ogún ọdún kí n tó tún rí Àǹtí, lórí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń dúró de dókítà ní Ìdí-Àràbà. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ orúkọ mi, mo ní, "Mà, èmi ni mo fi wáyà yẹn sílẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Mo mọ̀. Ìwọ lo jókòó síbẹ̀. Kí lò ń kọ́ àwọn ọmọ?"

"Yorùbá, mà."

"Ṣé ò ń jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe é?"

Mo ní rárá. Ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣì ń bà mí, mi ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn rí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Sùúrùlérè ń gba ohùn ìyá wọn àgbà sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì ohùn lórí. Kọ̀ǹpútà ò tó, ọmọ márùn-ún ló ń du ọ̀kan, iná á sì lọ láàárín iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́dún yìí ni mo máa fẹ̀yìn tì.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ìwé àṣẹ ìjọba ló ń dé léraléra báyìí, pé olùkọ́ tí kò bá fi kọ̀ǹpútà kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ìbáà ṣe Yorùbá, ìbáà ṣe oúnjẹ sísè, olùkọ́ náà ò tíì ṣiṣẹ́. Mo máa ń kà á, màá rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àǹtí ò sí láyé mọ́. Ohun tí a torí rẹ̀ gbé wọn kúrò ní ilé-ìwé wa ló ti di òfin yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àǹtí kí wọ́n tó kú, èmi ni, mo sì pẹ́ jù.