Mínírà Tútù Tí Mo Fi Yangàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí. Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi rò kí ẹlòmíì tó bá mi rò ó.

Ṣé ẹ rántí fídíò tí mo gbé sójú ìwé mi lọ́jọ́ Sátidé kan, èyí tí mo ti ń pín mínírà tútù fún àwọn ará ilé wa, tí mò ń nawọ́ sí òrùlé? Ẹ kí mi kú oríire lọ rẹpẹtẹ. Àwọn kan ní kí Ọlọ́run ṣe tiwọn náà. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé èmi ni tíṣà tó mọ ibi tó yẹ kéèyàn ná owó sí. Mo ka comment yẹn tó ìgbà mẹ́wàá.

Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú ilé tí à ń gbé ní Àgbówó. Gàníyù ni wọ́n ń pe ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tèmi, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń tún ṣe ní Mọ́kọ́lá. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ló ń pè mí, kò sì ní kọjá lára mi kó má dọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọ́ìlì ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ọmọlúàbí ni. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Èmi ní tèmi, físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kan ní Bódìjà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ya bátìrì àti gílóòbù sójú pátákó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa tó dójú tì mí.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí àwọn èèyàn kan lórí òrùlé wa. Gàníyù ti ra sólà! Pánẹ́lì mẹ́fà, inverter ńlá kan, àti bátìrì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú jáde nínú páálí. Mo kí i kú oríire. Mo rẹ́rìn-ín pàápàá. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò bọ́ bàtà.

Kí ló ń ṣe mí? Owú ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọ ẹlòmíì, inú ooru ni mo wà. Ọmọ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wá ń gba atẹ́gùn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí gbogbo ilé bá dákẹ́, fáànù Gàníyù nìkan ni mo máa ń gbọ́. Mo lè jókòó sí pálọ̀ mi kí n máa gbọ́ fáànù ẹni ẹlẹ́ni fún odindi wákàtí kan.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn ará ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ díẹ̀díẹ̀. Fóònù ló kọ́kọ́ lọ: gbogbo fóònù wa ń lọ jẹun lọ́dọ̀ Gàníyù. Àwọn ọmọ mi tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wá kan ọbẹ̀. Mo jókòó lọ́jọ́ kan pé kí n jẹun, ìyàwó mi ní kí n dúró díẹ̀, òun ń lọ mú ọbẹ̀ wá láti inú fírísà Ìyá Rọ́fíátù, ìyàwó Gàníyù. Ọbẹ̀ mi! Ẹran tí mo fowó ara mi rà! Àfi ká kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì kí n tó rí i jẹ!

Gàníyù fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó ní ìgbàkígbà tí mo bá ṣetán láti ra tèmi, kí n pe òun, òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún òun, kí wọ́n má baà kó jákujàku fún mi. Ó ní a máa kọ́kọ́ jókòó ṣírò gbogbo ohun tí mo fẹ́ lò ná. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tó dáa ni? Mo dá a lóhùn pé ìgbà tí òun ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn nípa iná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ni mo bá lọ gba owó tí mo fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí a ti ní ká fi ra ilẹ̀ kékeré kan ní Mọ́níyà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé okòwò ni sólà náà. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbí fún yín, gígùn gbọọrọ, pé kò sí ibi téèyàn lè náwó sí tó dà bí i sólà. Ọ̀pọ̀ yín pín in kiri. Irọ́ kọ́ ni ohun tí mo kọ, àmọ́ owú ló di bírò mú. Ìyàwó mi bi mí pẹ̀lẹ́ pé ṣé a ò níí kọ́kọ́ fi lọ Gàníyù ni. Mo ní kó má dárúkọ Gàníyù sí mi létí lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Mo bá dé ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Challenge. Ọkùnrin ibẹ̀ ń pè mí ní Prof. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn mú èèyàn! Èmi tí mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó bá ṣi ìṣirò kékeré ṣe, mi ò mú bírò kan ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: pánẹ́lì mélòó? Nítorí mẹ́fà ni ti Gàníyù, mo fẹ́ mẹ́jọ. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí owó mi tó mẹ́jọ, àfi kí n gba bátìrì tòkunbọ̀. Mo gbà. Ṣebí pánẹ́lì ló wà lórí òrùlé tí gbogbo Àgbówó ń rí? Bátìrì wà nínú ilé, ta ló fẹ́ wá wò ó?

Ẹ sì mọ àṣà wa. Téèyàn bá ra nǹkan tuntun, àfi kó wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gbé e sókè, ọ̀sán Sátidé, mo pe gbogbo fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti ra mínírà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ní kí ìyàwó mi kó o sí fírísà. Àgbà ìjọ wa kan gbàdúrà sí i. Gàníyù tó jẹ́ Mùsùlùmí, àmín tirẹ̀ ló ròkè jù. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mínírà jáde, gbogbo ìgò ń làágùn.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ìgò kan, tí mo nà án sí Gàníyù lójú fídíò. Mo ní kó gbà, kó tọ́ ọ wò, pé oòrùn tèmi náà mọ iṣẹ́.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó mu díẹ̀, ó wo ìgò náà.

“Ó tutù dáadáa, Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó pẹ́.”

Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn. Bí mo ṣe ń na ìgò náà sí i, ẹ máa rí ìyàwó mi tó yára yíjú, tó wọ inú ilé lọ bíi pé ó gbàgbé nǹkan sórí iná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jọba. Tí mo bá ti dé, màá ní kí wọ́n bá mi gbé omi tútù wá, omi tútù á sì dé. Lóòótọ́, mo máa ń gbọ́ kí ilẹ̀kùn wa ṣí, kó pa dé, kó tún ṣí, kí omi náà tó dé iwájú mi. Ṣé mo béèrè? Ọkùnrin tí wọ́n ń gbé omi fún, kí ló kàn án nípa ibi tí wọ́n ti ń bù ú? Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí, ìgbà wo lẹ fọwọ́ ara yín ṣí fírísà gbẹ̀yìn?

Sátidé kan ni ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Mọ́níyà. Ó ní ọbẹ̀ wà, àmọ́ kò sọ ibi tó wà. Nígbà tí ebi dé lọ́sàn-án, mo wọ kíṣìnì, mo ṣí fírísà.

Gàrí.

Gàrí ló wà nínú fírísà mi! Àpò gàrí kan, ike ẹ̀wà méjì, àti àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn ọmọ mi ti kọ tán. Wọ́n ti ká wáyà rẹ̀, wọ́n fi okùn dè é dáadáa. Mo tú u, mo tẹ̀ ẹ́ bọ iná. Inverter mi ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Fáànù pálọ̀ náà dúró. Oòrùn sì wà lójú ọ̀run o.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn òdìkejì. Ìyá Rọ́fíátù ló ṣí i, Gàníyù ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ní Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, sọ pé ọbẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi parí gbólóhùn náà. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó lọ ṣí fírísà rẹ̀, mo sì rí i láti ẹnu ọ̀nà: apá ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀, abọ́ wa ni. Abọ́ onídèérí búlúù tí ìyá mi fún wa wà níbẹ̀. Ike omi mi wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó bi mí, “ṣé ti ẹran ni àbí ti ẹja?”

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Mo bi í pé látìgbà wo. Ojú tì í, ó ní kí n bi ìyàwó mi. Mo bi í pé mínírà ọjọ́ tí mo wẹ sólà ńkọ́? Ó wolẹ̀. Ó ní ibí ló sùn mọ́jú.

Mo gba ọbẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì, mi ò lè jẹ ẹ́. Gàníyù mọ̀! Inú fírísà rẹ̀ ni ìgò yẹn ti jáde, bóyá òun ló sún ẹja tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè. Mo wá nà án sí i lójú, mo ní kó tọ́ iṣẹ́ oòrùn mi wò. Kó kàn wúkọ́ lásán, ilé ì bá dà rú. Kò wúkọ́. Àdúrà ló ṣe fún mi.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e sókè ni òun ti rí i pé kò lè gbé fírísà, òun sì fẹ́ sọ.

“Ẹ ti pe gbogbo ilé,” ló wí. “Ẹ sì ń kọrin ní bálùwẹ̀. Dádì Tóbi, ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti gbọ́ orin yín kẹ́yìn?”

Mo dìde, mo lọ ká wáyà fírísà náà padà, mo fi okùn dè é.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo wọkọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá. Mo bá Gàníyù lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kan. Ó jáde, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé, “Gàníyù, o mọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá fún mi ní nǹkan mu, mo máa ń dúpẹ́ ni.”

Ó tán. Kò tún sọ nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Ó kàn béèrè irú bátìrì tí wọ́n tà fún mi. Nígbà tó kírun Jímọ́ọ̀ tán lọ́sẹ̀ yẹn, ó wá wò ó. Ó ní pánẹ́lì mẹ́rin ṣì dáa nínú mẹ́jọ, bátìrì ti lo ayé rẹ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí n fi gbé gílóòbù àti fáànù kan ná, kí n má fi ohunkóhun mìíràn kún un. Ó mú bírò, ó ṣírò ohun gbogbo sẹ́yìn páálí. Ìṣirò náà pé! Èyí tí mo ti ń kọ sójú pátákó láti ogún ọdún ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ.

Ṣé ẹ rò pé owú náà ti tán? Rárá o. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, iná rẹ̀ ni. Ní báyìí, ẹnu rẹ̀ ni. Ká ní èmi ni mo mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa tirẹ̀, gbogbo Àgbówó ni ì bá gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo mọ ara mi.

Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Wọn ò sọ fún wa pé ohun tó le jù ni kéèyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tí òun ń jowú rẹ̀. Ẹ bá mi kọ́ ọ: ẹni tí o ò fẹ́ bi léèrè yẹn, òun gan-an ló mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní yọ fídíò náà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ń fi èyí sí, kí ẹ lè máa kà wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ó ń gbé ní ìdojúkọ yín tí ẹ̀ ń kí kú oríire tí inú yín ò dùn? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má bẹ̀rù, èmi ti kọ tèmi. Tí mi ò bá tètè dá yín lóhùn, ẹ mú sùúrù fún mi. Bí mo bá ti kọ èyí tán, fóònù mi ń kọjá sọ́dọ̀ Gàníyù ni, ó fẹ́ lọ jẹun.