Ìyá Faradà-á àti Ẹsẹ Kẹtàdínlógún

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi pè é. Ìyá Faradà-á ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Àwọn obìnrin tó gbẹ̀bí fún ní wọ́ọ̀dù ìbímọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fún un lórúkọ náà, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Bí aboyún bá dé, tó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, tó ní òun kú o, ìyá á na ìka kan sókè, á ní, "Fara dà á." Bó bá tún ké, á ní, "Fara dà á, ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ bímọ láyé." Bó bá wá jẹ́ ẹni tó ń ṣépè fún ọkọ, pé ọkọ òun ló kó òun sí wàhálà yìí, á wò ó lójú, á ní, "Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?" Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ọmọ á sì dé.

Kí n má parọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára. Kó tó di pé dókítà rí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀, ìyá á ti fọwọ́ pa ikùn, á ti sọ ibi tí orí ọmọ wà. Nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwo onígi kékeré kan máa ń wà, èyí tí wọ́n ń gbé lé ikùn aboyún láti fi gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí ń lo ẹ̀rọ. Òun ní ẹ̀rọ ò létí.

Àmọ́ orí kunkun rẹ̀ ò kéré. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dín ìrora kù wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń wà. Dókítà á ní kó gún un fún aboyún, ìyá á ní, "Ó ti yá, sà," á wá máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri títí ọmọ á fi dé. Bí wọ́n bá bi í, ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu: Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta, ẹsẹ kẹrìndínlógún, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún obìnrin pé inú ìrora ni yóò ti máa bímọ. Ẹni tó bá ń sá fún un, Ọlọ́run ló ń bá du ọ̀rọ̀. Òun alára bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, ọjọ́ méjì gbáko ló fi rọbí rẹ̀, kò sì lanu. Ó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yẹn.

Ọmọbìnrin yẹn, aránṣọ ni. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ pé oṣù, ìrọbí mú un láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó sì bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá fún un ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Ìyá Faradà-á náà mọ ìfaradà. Ọmọ ké. Ó ké débi pé ẹni tó wà lẹ́nu géètì gbọ́. Ojú gba ìyá tì, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń pariwo.

"Màámi, eléyìí ò lọ kó tún padà wá o," ni ọmọ ń wí. "Kò sinmi rárá. Ojú kan náà ló jókòó sí. Ikùn mi le bíi pákó."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí agbẹ̀bí tí kò mọ èyí: ìrora ìrọbí a máa wá, a sì máa lọ bí àlejò. Èyí tó bá wá tí kò lọ mọ́, ewu ló gbé wá. Ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí, tí á ní kí wọ́n kà á lórí: bí ikùn bá le tí kò dẹ̀, ẹ sáré. Ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ ni, ojú gbogbo wọ́ọ̀dù sì wà lára òun. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Igbe ẹ yìí ló ń rẹ ọmọ. Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ aboyún mìíràn. Odidi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kò fi gbé ìwo onígi yẹn lé ikùn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó wá gbé e lé e, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n sáré gbé aránṣọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀, ọkùnrin, ti lọ. Kí ìyá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mú ìwé tí wọ́n ti ń kọ ìlù ọkàn ọmọ ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àyè méjì ṣófo níbẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà tó dára sí méjèèjì, ó sì fọwọ́ sí i.

Àwọn èèyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Aránṣọ ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbà gbọ́. Ọjọ́ kan tí ìyá ń bá a ká aṣọ ló sọ ọ́: "Màámi, ẹ sọ fún mi kí n dákẹ́, mi ò gbọ́." Ìyá ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ọjọ́ tó ṣìkà jù láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni, torí pé ẹ̀bi tí kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ sí i lọ́rùn, tó wá bọ́ sóde tó ń kí ará àdúgbò.

Ọdún ń gorí ọdún, aránṣọ ò lóyún. Ìyá fẹ̀yìn tì. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni oyún dé, inú gbogbo ilé dùn, ti ìyá nìkan ni kò dùn délẹ̀. Oyún náà ti lé díẹ̀ ní oṣù méje ní ọjọ́ Ìsinmi tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n ti máa ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, àga oníke ogún àti pátákó kan ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn, Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èdè Hébérù fúnra rẹ̀, látìgbà náà kò sì sí ẹni tó lè bá a ra búrẹ́dì kó má sọ ibi tí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ti ṣẹ̀ wá.

"Ìtsabón," ni Tíṣà wí, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà," ni bíríkìlà kan dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ọ̀fìnkìn yẹn ò tíì lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe ìrora obìnrin tó ń bímọ nìyí ní èdè àwọn tó kọ ọ́. Màmá wa agbẹ̀bí mọ ibẹ̀ dáadáa."

"Orí kẹta, ẹsẹ kẹrìndínlógún," ni ìyá wí, kò tilẹ̀ ṣí Bíbélì.

"Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka èyí tó tẹ̀ lé e."

Ìyá ṣí i. Gègé pupa ló fi fàlà sábẹ́ ẹsẹ kẹrìndínlógún, ìka rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé náà. Ẹsẹ kẹtàdínlógún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́rẹ́, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó kà á jáde: ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń sọ fún ọkùnrin pé inú làálàá ni yóò ti máa jẹun láti inú ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni," ni Tíṣà wí. "Ìtsabón ni ti obìnrin, ìtsabón ni ti ọkùnrin. Bíríkìlà, kí lo fi ń po sìmẹ́ǹtì báyìí?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ṣé wọ́n bá ẹ wí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o gba ẹ̀rọ láàyè?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀! Èmi tí mo mú un wá síbí kí wọ́n gbàdúrà sí i."

"Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ẹ́ ńkọ́?"

"Mo máa ń lo oògùn, sà."

"Àbí ẹnì kan sọ fún ẹ pé kó o fara dà á?"

Tíṣà ò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, gbogbo yàrá yíjú sí ìyá, ẹ̀rín sì sọ. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Ìyá ò rí i rín.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó bi í léèrè: "Tíṣà, ṣé ti ara nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Rárá o, màmá. Àwa a máa ní ìrora ni ti ara, ìbànújẹ́ ni ti ọkàn, làálàá ni ti iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, inú àpò kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n lò ní orí kẹfà, níbi tí ìwà ọmọ aráyé ti dun Ọlọ́run dé ọkàn."

"Ọlọ́run fúnra rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀. Kò sì pa á mọ́ra, màmá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn ún."

Ìyá rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Bó bá dun Ọlọ́run, tí Ọlọ́run jẹ́ kó hàn pé ó dun òun, ta lòun tí òun fi pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu mọ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́? Ó gbìyànjú láti tan ara rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí òun má lọ tú egbò tó ti jiná. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé egbò náà ò jiná, òun kan fi aṣọ bò ó ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé aránṣọ. Yàrá iwájú ni ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, àjákù aṣọ kún ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mú nǹkan kan jáde nínú agbọ̀n, táwẹ́ẹ̀lì ni, ó ká a sọ́nà mẹ́rin, ó rán etí rẹ̀ yíká.

"Ṣé èyí tí wọ́n fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ ni?" ni ìyá bi í.

"Rárá, màámi. Ẹnu ni mo máa kì í bọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Ohun yòówù kó ṣe mí, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí ò ní tìtorí ariwo mi kú."

Ẹ̀rù ba ìyá dé egungun. Bí ìrora tí kì í lọ yẹn bá tún dé, ọmọ rẹ̀ á ki aṣọ bọnu, á dákẹ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Òun ló kọ́ ọ. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan, ó jókòó sí i, débi pé òun ló ń gbójú sókè wo ọmọ.

"Igbe ẹ kọ́ ló pa á," ni ìyá wí.

"Kí lẹ wí?"

"Igbe kì í pa ọmọ. Ohun tó o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, pé kò lọ kó bọ̀, mo mọ ohun tó jẹ́. Èmi ni mò ń fi kọ́ àwọn èèyàn. Fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò tẹ́tí gbọ́ ọkàn ọmọ, torí ojú ń tì mí pé ọmọ mi ń ké. Nígbà tó yá, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo gbọ́."

Ẹsẹ̀ aránṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. 

"Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ni mí ńkọ́, màámi?"

Ìyá lè parọ́. Ó ti parọ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ǹ bá ti sáré," ló wí.

Aránṣọ ò sunkún, kò sì bú u. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ máa lọ sílé. Ẹ má sì wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ tí mo bá ń bímọ. Mi ò fẹ́ rí yín."

"Mi ò ní wá. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ aṣọ yẹn nù. Bó bá dùn ẹ́, ké."

Ọmọ ti ilẹ̀kùn.

Láti ibẹ̀, ìyá gba ọ́sípítù lọ. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ẹni tó kọ́ níṣẹ́ nígbà kan, gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Màmá, bí mo bá kọ èyí sílẹ̀, ẹ mọ ohun tó lè yọrí sí?" Ìyá ní kó kọ ọ́, kí dókítà tó máa gbẹ̀bí fún ọmọ òun lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìjọba á sì ṣe òun bó bá ṣe wù wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, láàárọ̀, ọkọ aránṣọ pè é lórí fóònù. Ìyá lọ, ṣùgbọ́n kò kọjá bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn kọjá, kò jókòó síbẹ̀ rí. Ó le. Láti ibẹ̀ ló ti ń tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan láti inú yàrá ìbímọ, ìdákẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé yìí ló sì wá ń já a láyà. Ó ń rí táwẹ́ẹ̀lì alápá mẹ́rin yẹn lójú. Ó ṣáà ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Olúwa, jẹ́ kó ké."

Lójijì ni ohùn aránṣọ ta. "Ó ń dùn mí o! Kò lọ mọ́! Ẹ wá gbọ́ ọmọ mi!" Bàtà sáré lórí sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀kùn ṣí, ó pa dé, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì kọjá wéréwéré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ohùn aránṣọ ò sì dákẹ́ títí wọ́n fi wọlé.  Ìyá di etí bẹ́ǹṣì mú, bí àwọn obìnrin ṣe máa ń di etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mú.

Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì kékeré kan jáde, òógùn bò ó.

"Màmá, obìnrin ni o. Díẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n a tètè mọ̀. Àwọn méjèèjì wà láàyè."

Ìyá ń wo ilẹ̀kùn tí nọ́ọ̀sì náà gbà jáde.

"Ó ní kí ẹ ṣì dúró síta ná," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Ó sì ní kí n sọ fún yín pé òun ké."

"Lọ sọ fún un," ni Ìyá Faradà-á wí, "pé mo gbọ́."