Ewúrẹ́ Tó Jẹ Aṣọ Ìyàwó

Ìyá Rúlà ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pe aránṣọ kan. Bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin bá ti dé láti ilé ìwé, yóò jókòó tì í, yóò ní kó kàwé sókè. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, rúlà á dún gbàù lórí tábìlì. "Tún un kà!" Kò nà án o, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga á wá máa kólòlò. Nígbà tó yá, ó ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ àkísà.

Ìyá náà kò ní ibi lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé jìnnà, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun jìyà bíi tòun.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, ilé pa lọ́lọ́. Ìjókòó sú u, ó ní kí ọmọ náà ka ohun tó bá wù ú fún òun.

"Ẹ ò ní gbá tábìlì?"

"Níbo ni n óò ti rí agbára?"

Ọmọ mú ìtàn ewúrẹ́ kan tó jẹ aṣọ ìyàwó mọ́ aránṣọ kan lọ́wọ́ nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la. Kò tíì ka ojú ewé kan tán tí ìyá rẹ̀ fi pariwo.

"Irọ́ ni! Ewúrẹ́ wo ló ń gbé léèsì mì tòun ti bọ́tìnnì?"

"Màámi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Ta ló ní kí aránṣọ yẹn sá aṣọ oníbàárà sórí ọgbà?"

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n kà á, ká gbọ́ àwáwí ẹ̀."

Ó ṣi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan pè, ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ fura. Àwáwí yẹn ló ń retí. Nígbà náà ló yé e pé òun kò gbọ́ ìtàn kankan lẹ́nu ọmọ yìí rí. Àṣìṣe nìkan lòun ń ṣọ́. Àánú ọmọ ṣe é.

"Má bínú, ọmọ mi."

"Kí lẹ ṣe?" ni ọmọ bèèrè, ìka rẹ̀ ṣì wà níbi tó kà dé.

Nígbà tí ẹsẹ̀ san, ìyá náà ń fi bọ́tìnnì tó yẹ kó fọwọ́ rán pamọ́ de àkókò ìwé, kí ariwo ẹ̀rọ má baà bo ohùn ọmọ. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ eré ló wu ọmọ, á jẹ́ kó lọ ṣeré, bó tilẹ̀ ń dùn ún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ọmọ, tó jẹ́ awakọ̀, wọlé. "Oúnjẹ dà?"

Ọmọ, tó ń kàwé fún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, na ọwọ́ sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná. Olè ti wọlé, onílé ò tíì mọ̀."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀; ìyàwó kò gbójú sókè. Bàbá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó jókòó.

"Ibo ni olè ọ̀hún gbà wọlé?"