Ìròyìn Obìnrin Tó Ta Ọkọ Rẹ̀ ní Gbàǹjo

Ìṣó márùn-ún ló wà láàárín ètè bàbá oníbàtà, gbogbo wa sì ń kà wọ́n. Ó fa kan yọ, ó fi í sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, hámà dún lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó. Ó ku mẹ́rin. Ìwé ìròyìn tó bá rélùwéè dé láti Ìbàdàn wà lórí itan rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wò ó. Kó, kó. Ó ku mẹ́ta.

Ìyá mi ní, “Bàbá, ẹ tu ìṣó yẹn sọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀kọ mi wà lórí iná.”

Ó mi orí. Kó, kó.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú àgbàlá wa ní Sabon Gari, ní Zaria, lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn bá dé. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá náà, bàtà ló ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Bí o bá ti ń wọlé, òórùn awọ tútù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, pẹ̀lú òórùn bàgárúwà, èso igi tí àwọn aláwọ fi ń sọ awọ ewúrẹ́ di pípọ́n. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló máa ń ru awọ náà wá láti inú Birni, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo bàtà tó so kọ́, bàbá á máa fẹ́ ẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ná.

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló kọ́ láti kà, nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, nígbà tó ti di géńdé. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kò sì kàn án. Á ní, “Ẹ lọ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rédíò.” Igun kan nísàlẹ̀ ojú ewé kìíní ló ń wá, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìròyìn aláràbarà ilé ayé sí; kì í sì í ṣí àwọn ojú ewé yòókù. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé wọ́n gbé àkùkọ kan lọ sí kóòtù nílùú òyìnbó nítorí pé ó ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta la fi jà lórí ẹni tó ṣe ògbufọ̀ fún àkùkọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í bóyá òótọ́ ni, èsì kan ṣoṣo ló ní: “Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe sọ ọ́. N kò fi iyọ̀ sí i.”

Kó, kó. Ìṣó tán. Bàbá so gíláàsì rẹ̀ mọ́ etí pẹ̀lú òwú, ó kàwé:

“Obìnrin kan nílùú òyìnbó ta ọkọ rẹ̀ ní gbàǹjo. Ó ní ó ti gbó, ó ń wúkọ́ láàárọ̀ kó tó dìde, ó ń mu jù, kì í sì í délé lásìkò. Ó kù sí ojú ewé kẹrin.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ tún ‘ó ń wúkọ́’ yẹn kà.”

Ó tún un kà. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Àṣé ó ní ẹnìkejì láyé!”

Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń bá wí. Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá ti délé, á bọ́ bàtà iṣẹ́, á wọ bàtà aláwọ̀ pupa tí bàbá oníbàtà ṣe fún un, ó di abẹ́ igi dóńgóyárò, níbi tí wọ́n ti ń mu bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà. Oorun ni èmi àti àbúrò mi fi ń dúró dè é. Ní àárọ̀, ikọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ìròyìn náà débẹ̀ ṣáájú kó tó mu igbá kejì. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi wọlé.

“Kí ni wọ́n ní ẹ ń sọ nípa mi?”

Ìyá mi ò gbójú sókè. “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ta ló dárúkọ yín? Ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó ni.”

“Wọ́n wá rí ẹni rà á?”

“Ó kù sí ojú ewé kẹrin.”

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi di ẹni tó ń délé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń ra guráṣà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn Haúsá, bọ̀, ó ń pọn omi, ó sì ń fi ẹnu ṣe bí rélùwéè ṣe ń gun òkè títí àbúrò mi á fi rẹ́rìn-ín ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi ń dẹ́rìn-ín pani.

Aláṣọ ará Ìlọrin tó wà ní yàrá kejì ló da omi sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Wallahi, Bàbá, irọ́ ni. Ta ni yóò ra ọkọ ọlọ́kọ? Kí ló fẹ́ fi ṣe?”

Ìyá mi dáhùn láti ìdí iná: “Á pọnmi.”

Ṣùgbọ́n bàbá oníbàtà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé hámà sílẹ̀. “Ojú ewé kẹrin ni yóò dá ọ lóhùn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo kà, n kò ní kàwé fún ẹnikẹ́ni mọ́ nínú àgbàlá yìí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó tú àpótí ìṣó, ó gbọn àpò awọ, ó wo abẹ́ ẹní. Kò rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo ń kun bàtà pupa bàbá mi nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ kejì. Mo ti ọwọ́ bọ inú ti òsì, bébà kan sì ká sókè. Bàbá oníbàtà ti tún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ náà, ìwé ìròyìn tó gé ní àwòrán ẹsẹ̀ ló fi tẹ́ inú rẹ̀. Mo kà á: “...taya re mererin ti je tan, ina iwaju kan ko si tan mo. Okun ni eni ti o ra a fi wo o lo.”

Táyà mẹ́rin. Mo sáré lọ wo ojú ewé kìíní tí bàbá lẹ̀ mọ́ ògiri. “Oko” lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kò ní àmì lórí, kò ní àmì nísàlẹ̀. Obìnrin náà kò ta ọkọ. Ọkọ̀ ló tà.

Mo ti bébà náà padà, mo fi bàtà sábẹ́ ibùsùn. Bí mo bá sọ ọ́, ó dìgbóṣe guráṣà.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá náà wà lórí eékún láàárín àwọn àjákù awọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. “Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi wò ó. Ojú ọmọdé a máa ríran.”

Mo fẹ́ sọ pé n kò rí i. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo lọ mú bàtà òsì tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wá.

Ó kà á. Kò sí bàtà kankan lórí irin rẹ̀, síbẹ̀ ó kó ìṣó márùn-ún sẹ́nu, ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó tu wọ́n sọ́wọ́.

“Ta lo ti sọ fún?”

“N kò sọ fún ẹnì kankan, Bàbá.”

“Ilé yín ti tutù, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó tún wo bébà náà. “Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí, Àbẹ̀kẹ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe gbogbo ilé jọ, ó gbé bébà náà sókè, ó sì kà á jáde. Aláṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Kai! Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́!” Bàbá mi ló rẹ́rìn-ín jù. Ó rín in títí ó fi wúkọ́, ó gbé fìlà sórí, ó ní, “Mò ń bọ̀.”

Bàbá oníbàtà ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ dúró, n kò tíì parí. Mo ṣi orúkọ ohun tó tà kà, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n n kò ṣi ìdí tó fi tà á kà. Ó ń mu jù, kì í sì í délé lásìkò. Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀.”

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá bàtà pupa rẹ̀, kan ṣoṣo ló rí. “Bàtà mi òsì dà?”

“Mo ti tú inú rẹ̀ jáde. Màá tẹ́ òmíràn sí i.”

Bàbá mi kì í wọ sálúbàtà dé àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó padà jókòó.

Iṣẹ́ wákàtí kan ni ìtẹ́nú bàtà. Èyí gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni bàbá mi ń lọ béèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, “Bàbá, ìgbà wo ni?” Bàbá oníbàtà kò purọ́ fún un rí. Ìṣó ṣáà ń wà lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Nígbà tí bàtà fi máa jáde, bàbá mi ti mọ bí a ṣe ń gbafẹ́ nílé. Ó wọ̀ ọ́ lọ sábẹ́ igi náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ariwo wọn ti pọ̀ jù, ó bá wa jẹun alẹ́.

Mo ti kọ ìròyìn títí irun mi fi funfun. Àwọn ọ̀dọ́ níbi iṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò, àti pé n kì í fi ìròyìn sílẹ̀ títí n ó fi rí ojú ewé kẹrin rẹ̀. Bí wọ́n bá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń pariwo pé, “Ìyá, àwọn yòókù ti gbé e jáde o!”, n kì í dá wọn lóhùn. Ìṣó wà lẹ́nu mi.